Bí A Ṣe Ń Kọ Àwo Orin Lórí Ìgbé Ayé Ìlú Ńlá

Ẹni tó bá fẹ́ kọ àwo orin lórí ìlú ńlá kò gbọdọ̀ fi ìlú náà bẹ̀rẹ̀. Ìlú tóbi ju orin lọ, bí a bá sì ní kí orin kan gbé gbogbo rẹ̀, kò ní lè gbé nǹkan kan. Ohun tí orin lè gbé ni ẹnì kan, ní ibì kan, ní wákàtí kan: obìnrin tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn lálẹ́, tàbí ọkùnrin tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ lókè àjà lójoojúmọ́, tí kò sì tíì mọ orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan dùùrù tàbí gìtá, mú ìwé kékeré kan, kí o lọ jókòó sí ojú kan ní ìgboro fún wákàtí kan gbáko, kí o sì kọ ohun tí o rí, ohun tí o gbọ́, àti àjákù ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu àwọn tó ń kọjá. Padà síbẹ̀ ní ìdájí, kí o tún padà síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Nígbà tí ìwé náà bá ti kún díẹ̀, ètò orin ló kàn, mo sì fẹ́ kí a farabalẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwo orin tó ní èrò rere nínú ti ń wó lulẹ̀. Gbogbo nǹkan inú ìgboro ló ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, orin tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa irú ibẹ̀ nílò ilé tó dúró ṣinṣin. Àwọn tó kọrin ṣáájú wa ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń tẹ orin jáde ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sí Òpópónà 28 ní Manhattan, ibi tí a wá mọ̀ sí Tin Pan Alley, àwọn tó ń kọ orin fún wọn sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí ètò bar 32 gbilẹ̀ (bar ni ìpín kékeré tí a fi ń ka ìlù orin). Apá mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, bar mẹ́jọ mẹ́jọ. Apá kìíní gbé ohùn orin kalẹ̀. Apá kejì tún ohùn kan náà kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Apá kẹta, tí àwọn olórin ń pè ní bridge, yà kúrò lójú ọ̀nà lọ sínú ohùn tuntun. Apá kẹrin sì padà sílé.

Wo bí èyí ṣe bá obìnrin tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin mu. Ní apá kìíní, a rí i lórí ìjókòó ní ibùdókọ̀, àpò rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ní apá kejì, àwọn ilé ìtajà tó wà nítòsí ń ti ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iná wọn sì ń kú. Nígbà tí bridge bá dé, a kúrò níbẹ̀ pátápátá: ó rántí ẹni tó fi sílẹ̀ nínú yàrá kan ní òdìkejì ìlú, àti ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ tí kò sọ. Ní apá ìkẹyìn, a padà sórí ìjókòó náà, ọkọ̀ sì dé. Bí o bá fi gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ orin parí rẹ̀, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, olùgbọ́ yóò gbọ́ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀, nítorí pé ó ti mọ ohun tí obìnrin náà gbé sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ orin gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó rọrùn lẹ́nu. Ka ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sókè láìfi orin sí i, ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀ ni kí o tún kọ. Kọ ohun tí a lè fojú rí: kọ́kọ́rọ́ tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé inú ilé náà mọ́ ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà tó yẹ ní sísọ. Bí èdè Yorùbá lo bá sì ń lò, ohùn orin ní láti bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn. Bí orin kò bá sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ tí obìnrin náà ń dúró dè lè di ọkọ rẹ̀ létí olùgbọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti orí bí gbólóhùn ṣe ń dún lẹ́nu, kí o sì jẹ́ kí dùùrù tẹ̀ lé e.

Kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí a tẹ̀ papọ̀, ló ń mú kí irú orin yìí dún bí iṣẹ́ àgbà. Ohùn mẹ́ta ló wà nínú kọ́ọ̀dù lásán. Bí a bá fi ohùn keje kún un, tí a bá kà á láti orí ohùn ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀dù náà, yóò ní òjìji díẹ̀ lára. Lórí dùùrù, níbi tí a ti ń fi lẹ́tà pe orúkọ ohùn, tẹ D, F, A àti C papọ̀. Lẹ́yìn náà, tẹ G, B, D àti F. Lẹ́yìn náà, tẹ C, E, G àti B. Ìrìn mẹ́ta yìí wà káàkiri nínú orin àtijọ́. Tẹ́tí sí inú rẹ̀ dáadáa: C tó wà nínú kọ́ọ̀dù kìíní sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí B nínú èkejì, F sì dúró sójú kan títí òun náà fi sọ̀kalẹ̀ sí E nínú ẹ̀kẹta. Ìsọ̀kalẹ̀ kéékèèké wọ̀nyí ni etí ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo kọ́ọ̀dù bá díjú, etí kò ní rí ibi sinmi lé. Fi àwọn tó díjú jù pamọ́ de bridge.

Ní ti ìyára, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ní ìgboro sábà máa ń gbé bí ìgbésẹ̀ 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Jẹ́ kí orin méjì tàbí mẹ́ta wà ní ìwọ̀n yẹn, kí àwọn orin òru sì lọ́ra.

Bí orin mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá bá ti wà nílẹ̀, tò wọ́n. Àwo gígùn tí ilé iṣẹ́ àwo orin Columbia gbé jáde ní ọdún 1948 lè gba bí ìṣẹ́jú 22 lójú kọ̀ọ̀kan. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti gbọ́ iṣẹ́ rẹ, mo gbà ọ́ níyànjú pé kí o di ìwọ̀n yìí mú, nítorí pé ó ń fipá mú wa láti yọ orin tí kò tíì pọ́n, ó sì ń fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ méjì àti ìparí méjì. Lójú tèmi, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ètò tó dára jù: ojú kìíní láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, ojú kejì láti ìgbà tí iná bá tàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Orin jẹ́jẹ́ ni kí o fi parí ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ pàápàá fọwọ́ sí èyí: bí abẹ́rẹ́ ṣe ń sún mọ́ àárín àwo ni ọ̀nà tó ń rìn nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan ń kúrú sí i, ohùn tínrín kì í sì dún ketekete níbẹ̀ bíi ti etí àwo.

Kí o tó pe onílù tàbí afọnfèrè kankan, kọ gbogbo orin náà pẹ̀lú ohùn kan àti dùùrù kan níwájú ẹni tí kò gbọ́ wọn rí. Má ṣàlàyé ohunkóhun. Lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan, bi í pé ta ló wà nínú rẹ̀, níbo ló wà, kí ló sì ń fẹ́. Èyí tí kò bá rí ìdáhùn fún, dá a padà sínú ìwé kékeré náà. Èyí tó bá rí ìdáhùn fún ni kí o gbé lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀, kí o fi ohun èlò kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì dáwọ́ dúró ní kété tí ohùn akọrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà.