Ẹ má fi ìtọ́jú ba idà jẹ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ohun ìjà ilẹ̀ Ottoman

Ọ̀pọ̀ idà ilẹ̀ Ottoman, ilẹ̀ ọba àwọn ará Tọ́kì láyé àtijọ́, ló la ogun já, tó wá jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ kó máa dán ló bà á jẹ́. Bí ojú idà bá ti ṣú díẹ̀, àwọn kan á ti nawọ́ mú sáńpépà. Ẹ má dán an wò. Irin wootz, tí wọ́n ń yọ́ nínú ìkòkò amọ̀ ní Íńdíà, ni wọ́n fi rọ púpọ̀ nínú àwọn tó níyì jù. Ojú irin yìí ní ìlà wẹ́wẹ́ tó ń wọ́ kiri bí omi tí afẹ́fẹ́ ń rú, nǹkan kíkan ni alágbẹ̀dẹ sì fi yọ ọ́ síta. Sáńpépà á ha á dànù. Ẹni tó bá tún da ásíìdì lé e kí ìlà náà lè padà, irin ló tún ń jẹ kúrò lẹ́ẹ̀kejì.

Bákan náà ni tombak, bàbà tí wọ́n fi wúrà bò. Wúrà yẹn fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá ń fi Brasso nù ún, tó wá ń pọ́n, bàbà lẹ ń wò yẹn.

Àmì tó wà lára àṣíborí tún ńkọ́? Lẹ́yìn tí àwọn Ottoman gba Constantinople, ìlú tó ń jẹ́ Istanbul lónìí, ní 1453, wọ́n sọ ṣọ́ọ̀ṣì Hagia Irene tó wà níbẹ̀ di ilé ìkóhun-ìjà-sí. Ọ̀pọ̀ àṣíborí irin tó gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n gbẹ́ àmì kékeré kan sí lára, tamga ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ títí tó fi pa rẹ́ ti pa ẹ̀rí ibi tó ti wá.

Ẹ má tọ́jú idà sínú àkọ̀ rẹ̀. Awọ àti igi ní oró tó ń jẹ irin, wọ́n sì ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Ẹ tẹ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sí wọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Iyọ̀ inú òógùn máa ń jẹ́ kí ojú ìka hàn lára irin bí ìpáàrà bá dé.

Ọrun ló máa ń ṣe mí láàánú jù. Àwa a máa ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ti àwọn ará Tọ́kì kì í di ọ̀pá: igi ni àárín rẹ̀, ìwo ẹfọ̀n ni ikùn rẹ̀, iṣan ẹran ni ẹ̀yìn rẹ̀, gúlúù ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tí ẹ bá tú ọsán, apá méjèèjì á ká padà sí òdìkejì. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé bó ṣe ń tẹ̀ nìyẹn, á so ọsán mọ́ ọn lódìlódì, á gbé e sínú gíláàsì fún aráyé wò. Ẹni tó mọ̀ pàápàá, tó fẹ́ fi han àlejò pé ó ṣì lè tẹ̀, gúlúù àtayébáyé á là mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe ká, kí ẹ fi nǹkan rírọ̀ tì í nísàlẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ kòkòrò, torí oúnjẹ ni ìwo àti iṣan lójú wọn.

Ní ti ìbọn, ẹ má rò pé òfìfo ni nítorí pé ó ti gbó. Wọ́n ṣì máa ń bá ẹ̀tù àti ọta nínú irú wọn. Ẹ má dúró síwájú ẹnu rẹ̀. Ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, ẹ sàmì sí i, kí ẹ fi wọn òde ìbọn. Bí igi bá dúró kó tó dé ìdí, ẹ gbé ìbọn sílẹ̀, kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀tù.