Àwọsánmà bí òkìtì òwú: ṣé kí n kó iṣu èlùbọ́ wọlé ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń sá iṣu èlùbọ́ tà. Bí mo bá rí àwọsánmà funfun tó rí bí òwú, màá sáré kó o wọlé, òjò ò sì ní rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi í síta, òjò dé lọ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ rẹ, ó sì bu. Kí ni mo ń ṣì wò?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Mo mọ wàhálà tó wà nídìí bíbó iṣu, bíbọ̀ ọ́ àti sísá a. Pípọ̀ àwọsánmà lẹ ń wò. Gíga rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin á máa gòkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, títí ọ̀rinrin náà á fi di ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ tó ń kóra jọ di àwọsánmà. Gíga ibi tíyẹn ti ń ṣẹlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ àwọn àwọsánmà náà fi tẹ́jú bí ohun tí wọ́n fọ̀bẹ gé. Afẹ́fẹ́ tó ṣì ń gòkè ló ń mú kí orí wọn wú bí àkàrà nínú epo.

Èyí tó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, tí ojú ọ̀run mọ́ gaara láàárín wọn, ẹ fi iṣu yín síta. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń túká. Àmọ́ bí kò bá tíì tó aago méjìlá ọ̀sán tí ọ̀kan ti ń ga bí ilé alájà púpọ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń dúdú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Èyí tí orí rẹ̀ bá ti tẹ́ jáde bí agbòjò, àrá àti mànàmáná wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ lè ga ju kìlómítà 12 lọ. Ẹ̀yin gan-an ẹ wọlé.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní cumulus ni wọ́n ń pe àwọsánmà bí òwú yìí nílé ìwé. Ṣé àwọsánmà òjò nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Luke Howard, apòògùn ará Lọ́ńdọ̀nù, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní 1802. Òkìtì ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Látìnì, nítorí náà àwọsánmà olókìtì lèmi ń pè é. Èyí tó ń rọ òjò àrá ni cumulonimbus.

Ìbéèrè: Bí ojú ọ̀run bá mọ́ láàárọ̀ ńkọ́, ṣé mo lè lọ sọ́jà?

Ìdáhùn: Lásìkò òjò, ẹ fi ẹnì kan sílé, kó máa wo ìlà oòrùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òjò oníjì ti máa ń wá lọ́dọ̀ wa. Bí ibẹ̀ bá ṣú, tí atẹ́gùn tútù sì dédé fẹ́, ó ti dé tán. Kó ní ọ̀rá fífẹ̀ nítòsí tó máa fi bo iṣu. Bí òjò bá ti dá, kó ṣí i kíá. Ooru abẹ́ ọ̀rá náà máa ń jẹ́ kí iṣu bu.