Bí mo ṣe fi àwọn ilé-ìwé gọ́ọ̀mẹ́ǹtì wéra ní apá Kubwa, Àbújá

Àbúrò mi fi ọmọ ẹ̀ obìnrin ránṣẹ́ sí mi, ọmọ náà ti ṣe BECE, ìdánwò ìparí JSS3, tán, SS1 ló kàn, nọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ ṣe, ó ní kí n bá òun wá ilé-ìwé gọ́ọ̀mẹ́ǹtì tó dáa. Gbogbo ẹni tí mo bi lẹ́nu ló ń sọ pé tibí dáa, tọ̀hún ò dáa, kò sẹ́ni tó rí èsì WAEC ibì kankan rí nínú wọn.

Mo bá fa ìlà sínú ìwé, mo kọ gbogbo ilé-ìwé tí kẹ̀kẹ́ lè gbé e dé láti Kubwa, títí dé Dutse àti Bwari. Mo yọ Federal Government Girls' College tó wà ní Bwari kúrò o, torí ìdánwò ni wọ́n fi ń ṣa ọmọ wọlé láti JSS1, gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n sì ti ń wá. Kò bójú mu ká fi ìyẹn wé ilé-ìwé tó ń gba ọmọ àdúgbò.

Ìbéèrè kan náà ni mo ń bi gbogbo wọn: mélòó ló jókòó fún WAEC, mélòó ló ní kírẹ́dìtì márùn-ún, tí Ẹ̀ńgílíìṣì àti Máàtì wà nínú ẹ̀? Tíṣà kan ní àwọn ṣe 100%. Mo ní 100% kí ni sà, ó ní kò sẹ́ni tó féèlì. Háà! Ẹni tó ní E8 náà ò féèlì, àmọ́ C6 ni kírẹ́dìtì ti bẹ̀rẹ̀, kí ni yunifásítì fẹ́ fi E8 ṣe?

Igbákejì prínsípà ibòmíì, ọmọ Ìjùmú ni wọ́n, bí mo ṣe ní "ẹ kú iṣẹ́ mà" báyìí ni ojú wọn là, àwọn ló là mí lóye. Wọ́n ní kí n máa bèèrè iye ọmọ tó wọ SS1 pẹ̀lú, torí àwọn kan máa ń já àwọn tí ò mọ̀wé dà nù lẹ́yìn mock, ìdánwò tí wọ́n fi ń dán wọn wò ṣáájú WAEC, wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀. Ká ní 200 ló wọlé, 120 ló jókòó, 90 yege, wọ́n á ní àwọn ṣe 75%, bẹ́ẹ̀ 45% ni tá a bá fi iye tó wọlé ṣírò ẹ̀. Bí mo ṣe tún ìwé mi ṣírò nìyẹn, ilé-ìwé tí gbogbo àdúgbò ń yìn já wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ó wá ku méjì tí ò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ. Nọ́ọ̀sì ò ṣeé ṣe láìsí Báọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì, mo bá ní kí wọ́n fi láàbù hàn mí. Láàbù ìkíní rẹwà, àmọ́ kọ́pà ló ń kọ́ wọn ní Físíìsì, ọdún kan péré ni kọ́pà ń lò, tó bá ti lọ, ta ló kù? Ìkejì la gbà. Kẹ̀kẹ́ méjì ni kéèyàn tó débẹ̀, láàbù ọ̀hún ò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n bàbá tó ń kọ́ wọn ní Físíìsì ti pẹ́ níbẹ̀.