Ẹ yé ka òdo: ibi tí standard form ti ń já àwọn ọmọ wa sí kòtò

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ní Ìbarà níbí, tí WAEC bá ti ń sún mọ́lé báyìí mo ti mọ ibi tí máàkì wọn máa jábọ́ sí. Standard form ni o, ìyẹn ká kọ nọ́ńbà gígùn ní ṣókí pẹ̀lú 10 àti páwà (nọ́ńbà kékeré tó wà lórí 10), bíi ká kọ 30,000 ní 3 × 10⁴, èyí tí gbogbo wọn ń sọ pé ó rọrùn.

Àkọ́kọ́, ẹ má ka òdo. Láti ayé dé ọ̀dọ̀ oòrùn tó nǹkan bíi 150,000,000 kìlómítà, ọmọ á ka òdo méje, á kọ 1.5 × 10⁷, á sì rẹ́rìn-ín. Iye ìgbà tí pọ́ìntì fò la máa ń kà, ó sì fò lẹ́ẹ̀mẹjọ láti ìparí nọ́ńbà kó tó dúró síwájú 5, torí náà 1.5 × 10⁸ ni. Ẹ wo ooru Abẹ́òkúta nínú oṣù kẹta, ẹ wá lọ fa oòrùn sún mọ́ wa débi ìdámẹ́wàá ọ̀nà, ṣé Olúmọ fúnra ẹ̀ ò ní yọ́ bí òrí báyìí? Bákan náà ni 0.00045, òdo mẹ́ta ló wà lẹ́yìn pọ́ìntì lóòótọ́ àmọ́ pọ́ìntì gbọ́dọ̀ fo 4 pẹ̀lú, 4.5 × 10⁻⁴ ni.

Àwọn kan á kọ 15 × 10⁷. Iye ẹ̀ pé, àmọ́ ó dà bí ẹni wọ agbádá tí ò wọ ṣòkòtò. Nọ́ńbà iwájú ò gbọ́dọ̀ kéré sí 1, kò sì gbọ́dọ̀ tó 10.

Mínọ́ọ̀sì tó wà lórí páwà ò sọ nọ́ńbà di gbèsè o, ó kàn ń sọ pé nǹkan náà kéré ni. Ẹ pín kóńgò gààrí Láfẹ́nwá kan sọ́nà mẹ́wàá, ìyẹn 10⁻¹, ẹ tún mú ẹyọ kan níbẹ̀ kẹ́ ẹ pín in sí mẹ́wàá, 10⁻² nìyẹn, gààrí ṣì wà níbẹ̀ àmọ́ ó ti ń kéré sí i, torí náà ẹ má sọ fún mi pé 10⁻⁹ ju 10⁻⁸ lọ.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni àròpọ̀. 3 × 10⁴ + 2 × 10³, wọ́n á kọ 5 × 10⁷! Ẹ lọ bi ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú pé 30,000 náírà pẹ̀lú 2,000 náírà jẹ́ èló, kò ní fọwọ́ kan bírò kó tó dá yín lóhùn, ọmọ tiwa wá sọ ọ́ di mílíọ̀nù lọ́nà àádọ́ta. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí páwà wọn dọ́gba, 3 × 10⁴ + 0.2 × 10⁴, ó di 3.2 × 10⁴. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sọ nọ́ńbà di púpọ̀ la máa ń ro páwà pọ̀, níbẹ̀ náà ẹ má sáré fi bírò sílẹ̀, (5 × 10³) × (4 × 10²) jẹ́ 20 × 10⁵, kò tíì parí, 2 × 10⁶ ni.

Kakulétọ̀ wá ńkọ́? Èmi gan-an jìn sí kòtò yìí ní SS2. Mo tẹ 3 × 10 EXP 8, mi ò mọ̀ pé bọ́tìnì EXP ti gbé "× 10" tiẹ̀ lọ́wọ́, ó bá di 3 × 10⁹. 3 EXP 8 péré lẹ máa tẹ̀. Tó bá sì kọ 3E8 fún yín, ẹ má dà á kọ bí 3⁸, torí 6,561 nìyẹn, eré tí ìmọ́lẹ̀ ń sá sì jẹ́ nǹkan bíi 3 × 10⁸ mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.