Bí mo ṣe ṣa eégbọn lára màlúù àti ajá ní Ilé-Ifẹ̀

Nígbà tí ọ̀gá mi ní yunifásítì sọ pé eégbọn ni iṣẹ́ ìwádìí mi máa dá lé, ìyá mi bi mí pé ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n ń kọ́ọ̀yàn níbẹ̀ ni. Iṣẹ́ náà rọrùn láti fẹnu sọ: kí n ṣa eégbọn lára màlúù àti ajá káàkiri Ifẹ̀, kí n mọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá wò bóyá àrùn tí eégbọn ń gbé kiri ti wọ̀ wọ́n lára. Mo ti parí rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí a ń fi eégbọn ṣe nílé ni kò dára, pàápàá jù lọ bí a ṣe ń fà á.

Ìwé àṣẹ ló ṣáájú. Ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹlẹ́ran náà sì gbọ́dọ̀ gbà kí a tó fọwọ́ kan ẹran rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, irinṣẹ́ kò pọ̀: ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìgò kéékèèké tó ní ìdérí, ẹtanọ́ọ̀lù ìdá 70 nínú 100, pépà àti pẹ́ńsùlù. Pẹ́ńsùlù o, kì í ṣe báírò. Ẹtanọ́ọ̀lù máa ń fọ yíǹkì báírò dànù, pépà tí a kọ orúkọ ẹran, ọjọ́ àti àdúgbò sí sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò pẹ̀lú eégbọn gan-an. Ìgò tí kò bá ní àkọlé, ẹ kúkú dà á nù.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo máa ń lọ sí káárà. Tí oòrùn bá ti mú, màlúù kì í gbà kí a fọwọ́ kan òun mọ́, àwọn alápatà náà á sì ti máa kánjú. Àlàájì tí mo kọ́kọ́ lọ bá gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ ilé wa lọ. Wọ́n wo ìgò ọwọ́ mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti ń ra eégbọn ní yunifásítì báyìí ni?” Mo ní, “Rárá o, Àlàájì, ẹ̀kọ́ ni.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ọmọ wọn bá mi so ẹran mọ́lẹ̀.

Eégbọn kì í jókòó síbi tí ìrù tàbí ahọ́n ẹran ti lè tètè bá a. Abẹ́ ìrù, ara ọmú, inú itan, abẹ́ apá àti inú etí ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò. Àlàájì fi èyí tí wọ́n kórìíra jù lọ hàn mí: akọ kan tó sanra, tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ọsàn láàárín dúdú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní òrùka funfun. Amblyomma variegatum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Wọ́n ní tí irú èyí bá ti pọ̀ lára ẹran, egbò kì í tán lára rẹ̀, ọmú abo sì lè bàjẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó ń wọnú ẹran lọ jìnnà. Òun náà ló ń gbé Ehrlichia ruminantium kiri, bakitéríà tó ń mú kí omi gbárí jọ yí ọkàn màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ká títí yóò fi pa wọ́n. Lára irú eégbọn yìí kan náà, tí wọ́n ṣà lára màlúù ní Ìbàdàn lọ́dún 1964, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n sọ ní Dugbe. Dùgbẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ni o. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bóyá inú àwọn ará Dùgbẹ̀ máa dùn sí i.

Fífà ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹnu eégbọn ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó kọjú sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń tu ohun kan jáde tó ń gan mọ́ awọ bíi sìmẹ́ǹtì. Tí ẹ bá di ikùn rẹ̀ mú tí ẹ já a, ikùn nìkan lẹ máa rí mú, ẹnu á kù sínú awọ. Ẹ ti ẹ̀mú náà wọlẹ̀ títí yóò fi kan awọ, kó di ibi orí mú, kí ẹ wá fà á sókè gbọọrọ, láìyí i, láìjá a gbà. Á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò ní gbà. Awọ á gbé sókè tẹ̀lé e. Ẹ ní sùúrù. Nígbà tó bá tú, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ẹ sì lè rí awọ funfun tíńtín lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ni mo máa ń wò kí n tó jù ú sínú ìgò. Ẹnu tó bá ṣẹ́ kù lè mú kí ojú ibẹ̀ wú, kó sì di egbò, èmi náà kò sì ní mọ irú eégbọn tí mo mú, nítorí ẹnu wà lára ohun pàtàkì tí a fi ń dá wọn mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má ṣáná sí i lára, ẹ má sì fi ìpara bò ó. Eégbọn tí ara ń ni lè pọ ohun inú rẹ̀ sínú ojú egbò, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àrùn lè wà. Bákan náà ni fífi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa, tí àwọn ọmọ fẹ́ràn. Oríṣi kan wà lára màlúù tí à ń pè ní Hyalomma, òun ló ń gbé ibà Crimean-Congo kiri, ibà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ní àrùn náà lè kó o ran alápatà láìjẹ́ pé eégbọn bù ú jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fún àwọn ọmọ káárà ní ìbọ̀wọ́ tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi.

Ti ajá yàtọ̀ pátápátá. Ní Ìlódè, ìyá àgbà kan ní ajá tí eégbọn kún inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti da ọta píápíá sí i lára. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo pa wọ́n lánàá, wọ́n tún ti dé. Inú ògiri ni wọ́n ti ń jáde.” Mo tan iná fóònù sí ògiri náà, mo sì rí wọn lóòótọ́, wọ́n ń gun òkè lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Rhipicephalus sanguineus nìyẹn, eégbọn ajá aláwọ̀ ilẹ̀, tó lè gbé inú ilé láti kékeré títí dàgbà. Á mu ẹ̀jẹ̀, á já bọ́ láti lọ bọ́ awọ nínú ihò ògiri, á tún padà wá mu ún. Nígbà tí abo bá yó tán, ihò ògiri ló máa ń yé sí, ẹyin rẹ̀ á lé ní ẹgbẹ̀rún, á sì kú síbẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ́jú ajá nìkan kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọta píápíá sì burú jù: ajá á lá ara rẹ̀, á gbé májèlé mì. Mo ní kí Màmá gba oògùn ara ajá lọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí wọ́n sun àpò tí ajá ń sùn lé, kí wọ́n sì rẹ́ ògiri náà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà kò ju ẹ̀kán kan lọ. A fi aṣọ di ẹnu ajá náà, mo nu etí etí rẹ̀ pẹ̀lú sípíríìtì, mo gún un díẹ̀, mo fi síláìdì gba ẹ̀jẹ̀ náà, mo sì fi etí síláìdì mìíràn tì í lọ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ní láàbù, mo fi mẹtanọ́ọ̀lù gan ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ síláìdì, mo sì rẹ ẹ́ sínú aró Giemsa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ó tó jinná, mo kọjú sí àwọn eégbọn lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ wo ẹsẹ̀ ná: ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ní mẹ́fà, tó bá ti bọ́ awọ, ó di mẹ́jọ, nítorí ìbátan aláǹtakùn ni. Ẹ wo ẹ̀yìn: pátákó líle tó wà níbẹ̀ bo gbogbo ẹ̀yìn akọ, ṣùgbọ́n iwájú nìkan ló bò lára abo, kí ikùn lè ráyè wú. Lẹ́yìn náà, ẹnu. Ti Amblyomma gùn gbọọrọ. Ti eégbọn ajá kúrú, ìdí orí rẹ̀ sì ní igun mẹ́fà.

Nínú ẹ̀jẹ̀ ajá Ìlódè, mo rí i: nǹkan kékeré méjì tí ìdí wọn fẹ̀, tí orí wọn ṣóńṣó, wọ́n fẹnu kora nínú ẹyọ ẹ̀jẹ̀ pupa kan. Babesia ni, kòkòrò àrùn tíńtín tí eégbọn ń gbé wọnú ẹ̀jẹ̀. Abájọ tí erìgì ajá náà fi funfun, tí kò sì jẹun dáadáa. Ìbátan Babesia yìí ni Theobald Smith àti F. L. Kilborne ń wá nídìí màlúù ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n kọ̀wé lọ́dún 1893 pé eégbọn ló ń gbé ibà màlúù kiri. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Eégbọn ló ṣáájú, ẹ̀fọn ló gbayì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní láàbù ń bi mí ṣáá nípa Lyme, àrùn tí eégbọn ń kó ran èèyàn, tó kà nípa rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Willy Burgdorfer ló kọ̀wé lọ́dún 1982 pé òun rí kòkòrò rẹ̀ nínú eégbọn Ixodes tí wọ́n ṣà ní New York. Kò sí Ixodes kankan nínú ìgò mi. Èyí tó yẹ kó kàn wá jù ni ibà tí Amblyomma lè kó ran ẹni tó ń sin màlúù: orí fífọ́, ara gbígbóná, àti èépá dúdú níbi tí eégbọn ti bù ú jẹ. Ẹni tó bá ń lo oògùn ibà ẹ̀fọn sí i ń fi àkókò ṣòfò. Doxycycline ni dókítà máa ń kọ fún un. Ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn bù yín jẹ, nítorí kò ní rò ó fúnra rẹ̀.

Mo mú èsì ẹ̀jẹ̀ náà lọ fún Màmá, dókítà ẹran sì ti gún ajá náà lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò Ehrlichia kéré, ó sì ṣòro láti rí nínú ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. DNA ló máa sọ eégbọn tó gbé e. Ọ̀gá mi ti kó àwọn ìgò náà sínú fíríìsà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ló máa ṣe ìyẹn.