Iná dáṣíbọọ̀dù tẹ́ẹ̀ ń fojú fò: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá ni wọ́n fi okùn fa mọ́tò kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ẹni tó ni ín rà á, ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó ẹ̀yìn. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa géèjì ọ́ìlì jáde, mo fi àkísà nù ún, mo tì í padà, mo tún fà á, gbígbẹ ló gbẹ, ẹnu ẹ̀ ò kan ọ́ìlì kankan. A fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì, kò mira. Mo wá bi ọ̀gbẹ́ni yẹn pé ṣé iná pupa kankan ò tàn níwájú yín ni. Ó ní, "Ó tàn o, ọ̀gá. Iná kan tó dà bíi kẹ́tù. Láti Ògèrè ló ti ń ṣẹ́jú, nígbà tó yá ó dúró gbọin. Mo ní kí n ṣáà délé ná." Kò délé. Kó tó dé Tóògéètì Ìbàdàn lẹ́ńjìnnì ti ké gbàà, ó sì kú.

"Kí n ṣáà délé ná" yẹn ló ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe mẹkáníìkì pẹ̀lú riwáyà n'Ìbàdàn, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì tá a ti sọ̀ kalẹ̀, mọ́tò yẹn ti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ẹni tó ń wà á. Ẹ mọ̀ pé pupa ní kẹ́ẹ dúró, yẹ́lò ní kẹ́ẹ tètè lọ yẹ̀ ẹ́ wò, gíríìnì àti búlúù kàn ń sọ pé ẹ tan nǹkan kan ni. Mi ò ní fìyẹn pẹ́.

1. Kẹ́ẹ máa wa mọ́tò lọ nígbà tí iná ọ́ìlì pupa ń tàn

Ọ̀pọ̀ ló rò pé iná yẹn ń sọ pé ọ́ìlì ti dín díẹ̀, pé táwọn bá délé àwọn á bu díẹ̀ sí i. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì lọ sáàárín àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì ló ń wọ̀n. Tó bá tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, irin ti ń ha irin nìyẹn, béárìn ò sì lè fara dà á pẹ́. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kẹ́ẹ tó fa géèjì. Tí géèjì bá ní ọ́ìlì pé, tí iná sì ń tàn síbẹ̀, ẹ má sítáàtì ẹ̀ mọ́, ẹ pe ẹni tó máa wá fà yín. Owó ìfàmọ́tò ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì.

2. Kẹ́ẹ ra tòkúnbọ̀ láì wo iná ẹ̀ kẹ́ẹ tó sítáàtì

Ẹni tó lọ ra mọ́tò á wo bọ́dì, á tan AC, á tẹ họ́ọ̀nù, á ní ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọọ̀dù á fi yọ, ẹ má tíì sítáàtì. Gbogbo iná ìkìlọ̀ ló gbọ́dọ̀ tàn, ti check engine tó dà bí ẹ́ńjìnnì kékeré, ti ABS tí kì í jẹ́ kí táyà há tẹ́ẹ bá tẹ bírékì lójijì, ti airbag, ìyẹn àpò atẹ́gùn tó ń bú jáde nígbà jàǹbá, ti ọ́ìlì, ti bátìrì. Tẹ́ẹ bá wá sítáàtì, kí wọ́n kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò tàn rárá ló yẹ kó bà yín lẹ́rù ju èyí tó tàn tí ò kú lọ, torí ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti pa á lẹ́nu mọ́.

Màmá kan tó jẹ́ tíṣà gbé mọ́tò wá bá mi pé ó ń jẹ epo. Mo tú dáṣíbọọ̀dù. Lẹ́yìn àwòrán ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn ni mo ti bá téèpù dúdú kan, wọ́n gé e bí èékánná ọmọdé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú iná náà dáadáa. Mo ṣí i kúrò, iná yẹ́lò yọ. Ti airbag ní tiẹ̀, wọ́n ti so waya iná ẹ̀ mọ́ ti bátìrì, kó lè máa bá a tàn kó sì máa bá a kú. Nígbà tá a ṣí ìbòrí sítíárìn, kò sí airbag kankan níbẹ̀. Ó ti bú nínú jàǹbá tí mọ́tò yẹn ní nílùú òkèèrè, wọ́n kàn wá ìbòrí mìíràn dé e ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí màmá yẹn ti ń fi mọ́tò náà gbé àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ lọ síléèwé. Mi ò lè sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

3. Kẹ́ẹ máa ka máìlì bíi kìlómítà

Mọ́tò tó bá ti Amẹ́ríkà wá, nọ́ńbà ńlá ojú sípídómítà ẹ̀, máìlì ni. Àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó wà nínú lọ́hùn-ún ni kìlómítà. Òfin ìrìnnà wa ní mọ́tò aládàáni ò gbọdọ̀ sá ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì, kó má ju 50 láàárín ìlú. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ dé 80 lójú mọ́tò Amẹ́ríkà, tó rò pé òun ń rọra lọ, ó ti ń sá ní nǹkan bíi 129 kìlómítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti sáfísì: tí wọ́n bá ní kẹ́ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn 5,000 kìlómítà, bíi 3,100 ni nọ́ńbà máìlì yẹn máa fi gòkè. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó fi 5,000 gòkè ti rìn ju 8,000 kìlómítà lọ lórí ọ́ìlì kan náà, ó wá ń bi mí pé kí ló dé tọ́ìlì òun dúdú bí ọ̀dà.

4. Ìgbóná

Ibí yìí ni màá ti pẹ́, ẹ bá mi fara dà á.

Nǹkan kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní thermostat. Kò ju nǹkan tó lè gbé lórí àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní sípíríìnì, ó ní ojú kan tó máa ń dé tó máa ń ṣí. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á dé, kí omi má tíì lọ sí radiétọ̀. Tó bá ti gbóná tó bó ṣe yẹ, láàárín 80 sí 90 lórí ìwọ̀n Celsius fún ọ̀pọ̀ mọ́tò, á ṣí. Gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ tí mọ́tò bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì máa ń ṣe ni pé ká yọ ọ́ dànù, a á ní àwọn òyìnbó ló nílò ẹ̀ torí òtútù wọn. Irọ́ ni. Wọ́n kọ́ èmi náà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo sì yọ ọ́ nínú mọ́tò àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó gbọ́n, ó ṣì ń dùn mí di òní. Tẹ́ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù lórí ìrìn, kọ̀ǹpútà mọ́tò á rò pé òwúrọ̀ ṣì ni, á máa da epo sí i. Ohun tó fa ìgbóná yẹn gan-an sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, bóyá omi ń jò, bóyá fáànù ò yí, bóyá radiétọ̀ ti dí.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín lọ́nà tẹ́ẹ lè gbà mọ̀ ọ́n. Tí abẹ́rẹ́ tẹ́ńpíréṣọ̀ bá ń gòkè nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ Ìwó Road, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ́ẹ bá ti ń rìn, fáànù ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí atẹ́gùn ọ̀nà ló ń bá a ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ lórí ìrìn ló ń gbóná, ẹ wo radiétọ̀ tó dí àti omi tó dín.

Omi pọ́ńpù tẹ́ẹ̀ ń dà sí i ńkọ́? Ìpẹtà ló ń kó wọnú ẹ́ńjìnnì. Mo ti ṣí radiétọ̀ tí ohun tó jáde níbẹ̀ dà bí àmàlà tó ṣàn. Coolant, omi radiétọ̀ tí wọ́n ń tà, ni kẹ́ẹ lò. Tó bá ká yín mọ́ lójú ọ̀nà, ẹ bu omi, kẹ́ẹ tún un ṣe tẹ́ẹ bá délé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìdérí radiétọ̀ nígbà tó gbóná. Ìdérí yẹn ló ń há omi mọ́ kó má tètè hó, tẹ́ẹ bá ti tú u sílẹ̀ báyìí, gbogbo omi yẹn á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò jáde. Ọdún kẹta tí mo ń kọ́ṣẹ́ ni mo ṣí ọ̀kan báyìí torí oníbàárà ń kánjú. Àpá ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lójijì. Ohun tó ń ka ìgbóná yẹn, inú omi ló ń jókòó. Tí omi bá ti jò tán, ó lè má rí nǹkan kà mọ́, abẹ́rẹ́ á wá rẹlẹ̀, ẹ̀yin á ní ẹ dúpẹ́ ó ti tutù, ẹ ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yan nísàlẹ̀. Bọ̀dá kan báyìí gbọ́ òórùn, ó wo abẹ́rẹ́, ó rí i pé ó wálẹ̀, ó tẹ tọ́rótù lọ. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì jó, orí ẹ́ńjìnnì sì tẹ̀. Tó bá ń gòkè, ẹ pa AC, ẹ tan híità tó gbóná jù kó máa fa ooru jáde títí ẹ ó fi ríbi dúró, ó gbóná lóòótọ́, ẹ fara dà á. Kẹ́ẹ wá pa á, kẹ́ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ó lè sán.

Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kí n yára sọ wọ́n.

Iná bátìrì: ẹ má tíì lọ ra bátìrì. Alternator tí ò chájì ló sábà máa ń tan iná yẹn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, mítà gbọ́dọ̀ ka nǹkan bíi 13.5 sí 14.5 fóòtì. Tí iná bátìrì bá tàn, tí sítíárìn le, tí ìgbóná sì ń gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́lìtì ti já nìyẹn, ẹ dúró.

Check engine tó dúró sójú kan, ẹ lè rọra wà á lọ síbi tí wọ́n á ti skan ẹ̀. Tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ sọ tọ́rótù sílẹ̀, epo tí ò jó ń lọ ba catalyst jẹ́, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde. Ẹ má sì yọ orí bátìrì kí iná lè kú kẹ́ẹ tó gbé e wá, ohun tí mo fẹ́ kà lẹ parẹ́ yẹn. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta torí kóòdù P0455, tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ epo ń jò, ìdérí táǹkì epo ni ò dé dáadáa.

Iná ABS yẹ́lò nìkan: bírékì ṣì ń mú, ẹ kàn jìnnà sí ẹni tó wà níwájú. Iná bírékì pupa tí ò kú lẹ́yìn tẹ́ẹ ti sọ hándíbírékì sílẹ̀: ẹ má kúrò níbẹ̀.

Iná táyà yẹ́lò: ẹ wọn atẹ́gùn nígbà tí táyà tutù. Iye tẹ́ẹ máa lò wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà, òpin ohun tó lè gbà ni.

Òjò ńkọ́? Tí òjò bá ti sú báyìí, gbogbo ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, tiráfíkétọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mọ́tò tó ń sá ń ṣẹ́jú, èyí tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà ń ṣẹ́jú, ta ló máa mọ̀yàtọ̀? Tẹ́ẹ bá sì fẹ́ yà, iná tẹ́ẹ fi ń yà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Iná iwájú ni kẹ́ẹ tàn, kẹ́ẹ dímù ẹ̀, kẹ́ẹ dín eré kù. Tí ìrì bá bo gíláàsì lójú, AC ló máa gbẹ ẹ́, ẹ yé fi hánkáṣíìfù nù ún lórí ìrìn. Tí sítíárìn bá ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, táyà ti gun orí omi, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ẹ má tẹ bírékì, ẹ di sítíárìn mú gbọin. Àgbàrá tẹ́ẹ ò rísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá fa omi símú lè ṣẹ́ irin inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo ọ̀nà láàárọ̀, fúlù láìtì á kàn tàn padà sójú yín ni, dímù ló dáa. Kẹ́ẹ sì wo fílítà atẹ́gùn.

Tẹ́ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹ má fi sí nútírà torí epo tẹ́ẹ fẹ́ ṣọ́. Ẹ fi jíà sí 2 tàbí L, kí ẹ́ńjìnnì bá yín dá a dúró. Bírékì tẹ́ẹ bá ń tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ á gbóná, á rùn, nígbà tó bá yá ẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́, kò ní mú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi àti ọ̀gbẹ́ni Ògèrè yẹn ń lọ sí Géètì lọ wo ẹ́ńjìnnì mìíràn. Mo ti sọ fún un pé tá a bá gbé e sí i tán, kí n tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, òun ló máa jókòó sídìí sítíárìn, á yí kọ́kọ́rọ́, á sì máa dárúkọ iná kọ̀ọ̀kan fún mi bó ṣe ń tàn.