Ẹ̀yìn yín ni òjò ti ń bọ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣọ́ ìjì ní Ìlọrin

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan pè mí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Ìjì tí a ò rí irú ẹ̀ rí ń bọ̀ wá bá Ìlọrin." Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní fóònù òun fi hàn pé ìwúwo afẹ́fẹ́ ti já sí 972 hPa (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìwúwo afẹ́fẹ́), bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1013 ni òun kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó yẹ kó wà. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìràwọ̀ kún ojú sánmà. Ewé kan ò mì.

Ó ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sílé ní Ọ̀fà kó tó pè mí. Ìyá rẹ̀ ò fojú kan oorun mọ́jú ọjọ́ náà.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣọ́ ìjì tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ ẹni tó kó owó oṣù rẹ̀ lé irinṣẹ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kà. Mi ò ní ṣàlàyé bí òjò ṣe ń ṣú. Ẹni tó bá ń ka irú nǹkan báyìí ti mọ ìyẹn.

1. Kíka ìwúwo afẹ́fẹ́ láì ro ti ibi tí ìlú yín ga dé. 1013 tí ẹ ń rí káàkiri, ti etí òkun ni. Ìlọrin fi nǹkan bíi mítà 350 ga ju etí òkun lọ, afẹ́fẹ́ tó kù lórí wa kò lè wúwo tó ti Èkó. 972 ní Ìlọrin, àlàáfíà ni. Nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, ìwúwo yìí tún máa ń lọ sókè-sódò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: á ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, á rẹlẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń pariwo ìjì nítorí pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, ojoojúmọ́ ni yóò máa pariwo, títí kan ìgbà ọyẹ́. Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ ni kó fò sókè lójijì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù tó wà nínú ìjì bá balẹ̀, ìwúwo á gòkè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru á sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

2. Ríra ẹ̀rọ kí ẹ tó mọ ojú sánmà. Mo mọ ẹnì kan tó fi owó tó tó àgbò iléyá ra ẹ̀rọ ojú-ọjọ́. Ó gbé e sórí páànù. Ní aago méjì ọ̀sán, ẹ̀rọ náà ń kà 44, ó ní Ìlọrin ti di iná. Ooru páànù ló ń kà. Ìgbà tí ìjì àkọ́kọ́ ọdún náà sì dé, iná lọ, Wi-Fi bá iná lọ, ẹ̀rọ ò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀ ní ìdajì wákàtí tí a torí ẹ̀ rà á. Agolo kan tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba, rúlà kan àti ìwé kan ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé agolo náà sí gbangba, kó jìnnà sí ògiri, sí orùlé àti sí igi máńgòrò, kí ẹ sì máa kà á ní aago kan náà láràárọ̀. Ẹ má lo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ, iye tí ẹ bá kà kò ní jóòótọ́. Mìlímítà kan nínú agolo yín túmọ̀ sí lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó.

3. Kíkọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú jù, nítorí pé ojú lásán ni a fi ń ṣàtúnṣe rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀.

Láti ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, atẹ́gùn ilẹ̀ tí à ń mí sínú máa ń fẹ́ láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, láti ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ bá wà ní Ìlọrin. Láti òkun ló ti gbé ọ̀rinrin wá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á dúró, á kọjú sí atẹ́gùn náà, á rí i pé ojú sánmà níbẹ̀ mọ́, á sì ní òjò ò ní rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òjò wà.

Àwọn ìjì ńláńlá ilẹ̀ wa, èyí tó ń ṣí páànù tó sì ń wó igi, láti ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti òkun, ìsàlẹ̀ ló mọ. Tí ẹ bá gòkè tó kìlómítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, atẹ́gùn mìíràn wà níbẹ̀ tó le tó sì ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn. Òun ló ń ti ìjì. Atẹ́gùn ìsàlẹ̀ tí ẹ̀yin ń gbà sójú, oúnjẹ ìjì ni, ọ̀dọ̀ ìjì ló sì ń lọ. Ìyẹn ni pé bí ó bá ṣe ń fẹ́ lù yín lójú tó, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa yíjú wẹ̀yìn.

Owó ẹlòmíì ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ìparí oṣù kẹta ni, ní Òmù-Àrán, ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ládùúgbò wa sá iṣu èlùbọ́ sórí àpáta, ó tẹ́ ẹ lọ rẹrẹẹrẹ, ó ti gbẹ débi pé tí ẹ bá fi ọ̀kan kan èkejì, á dún bí àpáàdì. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ìwọ tí o ń wo òjò, ṣé kí n kó o?" Mo wo ọ̀nà Òṣogbo. Ó mọ́ fo. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ láti ibẹ̀. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá, kò sí òjò lónìí." Mi ò yíjú sí ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ ní ìlà-oòrùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò tó wákàtí kan tí atẹ́gùn náà fi kú pátápátá. Eruku pupa dìde lẹ́yìn ilé wa, òjò sì dé kí ẹnikẹ́ni tó dé orí àpáta. Omi ń gbé iṣu náà lọ nínú gọ́tà, ó ti wú, ó ti funfun. Ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Ó dáa, ọmọ mi, Ọlọ́run á pèsè." Ó sàn kó nà mí.

Nítorí náà, ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni àwọsánmà funfun tó ga gan-an, tó tẹ́ bí ẹní, tó ń nà bọ̀ wá sórí yín nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ á rọlẹ̀, gbogbo nǹkan á dákẹ́, ooru á mú. Tí ẹ bá wá rí àwọsánmà dúdú kan tó rẹlẹ̀, tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ láti àríwá dé gúúsù, iwájú ìjì nìyẹn. Bí atẹ́gùn tútù bá ti wá kàn yín láti ìlà-oòrùn pẹ̀lú eruku, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Ẹ ká aṣọ, ẹ wọlé, ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n nínú iná.

Ìjì báwọ̀nyí máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Láti Pategi sí Ìlọrin jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 130 lójú òfurufú. Ìjì tó bá wà lórí Pategi ní aago mẹ́rin, ẹ máa retí rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀.

Àṣìṣe mìíràn tó tẹ̀lé èyí ni kí ẹ sùn ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú ìdánilójú pé òjò ọjọ́ náà ti yẹ̀. Orí òkè Jos ni ọ̀pọ̀ ìjì wa ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ti gbóná sí òkè náà lára. Ó tó kìlómítà 470 sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹ fi 50 pín in, ẹ ó rí ìdí tí àrá fi máa ń jí wa ní aago méjì tàbí mẹ́ta òru.

Ẹ má san owó dọ́là lóṣooṣù nítorí ohun tí app ń pè ní rédà (ẹ̀rọ tó ń rí òjò láti ọ̀nà jíjìn). Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé tó ń rìn níbẹ̀, àfojúbù láti inú sátẹ́láìtì tàbí ìṣirò kọ̀ǹpútà ni. Ẹ lọ wo àwòrán sátẹ́láìtì Meteosat fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni EUMETSAT, àjọ sátẹ́láìtì ojú-ọjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ń gbé e síta. Èyí tuntun tí wọ́n jù sókè ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì ní ojú tó ń rí mànàmáná.

Aago UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ló wà lára àwòrán náà. Ẹ fi wákàtí kan kún un. Ẹni tó bá gbàgbé á rò pé àwòrán náà ti pẹ́ ju bó ṣe pẹ́ lọ, á sì rò pé ìjì ti fi kìlómítà 50 sún mọ́ òun ju ibi tó wà gan-an lọ.

Ọ̀rọ̀ kíka àrá ńkọ́? Ẹ rí mànàmáná, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá 15, àrá sán, ẹ ní ó wà ní kìlómítà 15. Rárá o, kìlómítà 5 ni. Nǹkan bíi mítà 340 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹ ó máa pín in. Àwọn tó ń fi márùn-ún pín in nínú fídíò Amẹ́ríkà, máìlì ni wọ́n ń wá.

Kí ẹ tilẹ̀ kà á dáadáa, kò sọ pé ibi tí ẹ dúró sí dára. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gun òkè Sòbì ní oṣù karùn-ún ọdún kan láti ya àwòrán iwájú ìjì. A gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà onírin dání. Mo ka 21, mo ní kìlómítà 7 ni, a ṣì ní àyè. Oòrùn ṣì ń ràn sí wa lára. Àrá tó tẹ̀lé e kò dúró de òjò, igi kan ní ìsàlẹ̀ ibi tí a wà ló bọ́ sí. A rí i tí èèpo igi náà ń fò, a sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ọmọ oṣù mẹ́ta nílé lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì ní kó jẹ́ ká lọ. Mànàmáná lè fi kìlómítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ya òjò rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti ka 30 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, inú ilé ni kí ẹ wà, tàbí inú mọ́tò tó ní òrùlé onírin, kì í ṣe lórí ọ̀kadà, kì í ṣe lábẹ́ búkà. Àwọn àgbà tó ní ká má sá sábẹ́ igi kò purọ́.

Ẹ má sì tètè jáde. Lẹ́yìn ọ̀wààrà, òjò wẹ́wẹ́ máa ń tẹ̀lé e fún wákàtí kan tàbí méjì, àrá á máa kùn lókèèrè, àwọn ọmọ á ti bọ́ síta láti lọ he máńgòrò tí atẹ́gùn gbọ̀n sílẹ̀. Mànàmáná ṣì wà nínú àwọsánmà yẹn. Ẹ ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti ìgbà tí ẹ gbọ́ àrá kẹ́yìn. Bí òmíràn bá sán nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú méjì kó pé, ẹ pe àwọn ọmọ padà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà látìbẹ̀rẹ̀.